Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Aṣòfin Èkó: Àga Mẹ́ta Tí Gbogbo Ìlú Jọ Ni

Sí Olórí Ilé àti gbogbo ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó,
Aláùsá, Ìkẹjà.

Ẹ̀yin ọlọ́lá, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má retí ìkíni gígùn lọ́dọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ti pẹ́ jù.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ ọmọ mi kan gbé iṣẹ́ àṣetiléwá dé láti ilé-ìwé rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà. Ìbéèrè kan níbẹ̀ ni pé, ọdún wo ni àwọn ará Èkó kọ́kọ́ dìbò yan aṣòfin? Ọmọ náà ti kọ 1979. Mo ní kó pa á rẹ́, kó kọ 1923. Lọ́jọ́ kejì, òdo ló gbé wálé lórí ìdáhùn yẹn. Olùkọ́ sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé kò sí ilé aṣòfin l'Ékòó kó tó di 1979. Mo fi ọgbọ̀n ọdún ó lé kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìtàn kí n tó fẹ̀yìntì. Èmi gan-an ni mo gba òdo yẹn.

Mi ò bínú sí olùkọ́ náà. Ó ṣeé ṣe kó wà lára àwọn tó dàgbà lásìkò tí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nínú ìwé àwọn ọmọ wa. Ọdún 1979 tó kọ yẹn náà kò sì ṣàdédé wá. Láti 27 oṣù karùn-ún 1967 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ ológun la wà títí di oṣù kẹwàá 1979, ìgbà yẹn sì ni ilé tí ẹ jókòó sí lónìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ilé yín ló bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Ìbò Èkó ti dàgbà ju ilé yín lọ dáadáa.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé sí yín nìyí, tí mi ò kọ ọ́ sí olùkọ́. Ẹ̀yin lẹ jókòó sórí àga tí àwọn kan ti jókòó sí ṣáájú yín. Ẹ fetí sí mi, ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ mi.

1. Kí 1923 tó dé, ìgbìmọ̀ aṣòfin ti wà l'Ékòó. Òyìnbó gba ìlú lọ́wọ́ Ọba Dosunmu ní 1861. Nígbà tó máa di ọdún kejì, wọ́n ti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gómìnà ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ mú èèyàn dúdú tó bá wù ú wọ ibẹ̀. James Johnson, àlùfáà tó padà di bíṣọ́ọ̀bù, jókòó níbẹ̀. Sapara Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di lọ́yà, jókòó níbẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ ojo nínú àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, ẹni tí gómìnà bá mú wọlé, gómìnà náà lè ní kó máa lọ, ará ìlú kò sì ní ohùn kankan sí i.

Ní 1920, àwọn ọ̀mọ̀wé láti Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gámbíà pàdé ní Accra, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa dìbò. Gómìnà wa nígbà náà, Hugh Clifford, fi wọ́n ṣẹ̀sín ní gbangba. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀sín yẹn, abẹ́ Clifford kan náà ni òfin tó fún wa ní ìbò ti jáde. Àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ̀ pé bí mo bá dé ibẹ̀ yẹn, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí n tó máa bá a lọ.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Ọmọ ìgbìmọ̀ tuntun náà jẹ́ 46. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni 27 nínú wọn. Nínú 19 tó kù, 15 ni gómìnà ṣì yàn. Mẹ́rin péré ló kù fún ìbò ní gbogbo Nàìjíríà: ọ̀kan fún Kàlàbá, mẹ́ta fún Èkó. Ìgbìmọ̀ náà kò tilẹ̀ lè ṣòfin fún Àríwá, gómìnà nìkan ló ń dá òfin tiwọn ṣe.

Àwọn àga mẹ́ta tiwa yìí ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Wọn kò pín ìlú sí ẹkùn mẹ́ta kí wọ́n fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní aṣojú tirẹ̀, bí wọ́n ti ṣe pín yín sí ogójì lónìí. Gbogbo ìlú Èkó, erékùṣù àti Ẹ̀bútè Mẹ́tta, jẹ́ ẹkùn kan ṣoṣo. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wọlé, gbogbo ìlú ló rán wọn. Kò sí èyí tó lè ní Ìsàlẹ̀ Èkó nìkan lòun ń ṣojú fún, kò sì sí èyí tó lè sọ fún ará Olówógbowó pé kó lọ wá aṣojú rẹ̀ níbòmíràn. (Ẹ̀yin tí ẹ ti Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Bàdágìrì wá, mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé èyí ò kàn yín torí àwọn ìlú yín kò sí nínú ẹkùn náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ Èkó lẹ fi ń jókòó nílé yẹn.)

2. Ní 20 oṣù kẹsàn-án 1923 ni wọ́n dìbò. Orúkọ àwọn tó wọlé nìyí: Egerton Shyngle, lọ́yà, Eric Olawolu Moore, lọ́yà, Crispin Curtis Adeniyi-Jones, dókítà. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá, Nigerian National Democratic Party (NNDP), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 24 oṣù kẹfà ọdún yẹn. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n bí ẹgbẹ́ náà tó fi kó gbogbo àga tó wà l'Ékòó.

Gbogbo ayé mọ ẹni tó bí i. Ìyá ìyá mi kì í pè é ní Herbert Macaulay, Ejònígboro ló ń pè é, bí ẹni pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níbi ìkómọ nìyẹn. Ilé ẹjọ́ òyìnbó ti dá a lẹ́bi ní 1913, òfin sì ní ẹni tó bá ti ṣẹ̀wọ̀n irú ìyẹn kò lè jáde fún ìbò. Títí ó fi kú ní 1946, kò jókòó lórí ọ̀kankan nínú àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ jókòó níbẹ̀ tí kò kọ́kọ́ gba Kirsten Hall, ilé Macaulay, kọjá, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Ó gbè sẹ́yìn ilé Dosunmu nínú ìjà oyè. Ó bá Olóyè Olúwa dé London lórí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá, wọ́n sì jàre ní 1921. Nígbà tí ọjọ́ ìbò dé, ìlú mọ ẹni tó ti jà fún wọn.

Nígbà tó di 1928, Adeniyi-Jones àti Moore padà wọlé, T. A. Doherty sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Doherty yìí wà lára àwọn mẹ́ta tó dá National Bank of Nigeria sílẹ̀ ní 1933, òun, Dókítà Akinola Maja àti H. A. Subair. Adeniyi-Jones ní tirẹ̀ lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí àga yẹn. Òpópónà tó ń jẹ́ orúkọ yìí wà ní Ìkẹjà, kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà yín. Ẹ ń jókòó sínú gosiló níbẹ̀. Ẹ bi awakọ̀ yín lọ́la, kó sọ ẹni tí Adeniyi Jones jẹ́. Bó bá tán, kí ẹ bi ara yín.

Ní 1938 ni agbára yí padà. Àwọn ọ̀dọ́ Nigerian Youth Movement kó àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Macaulay. Dókítà Kofo Abayomi wà lára àwọn tó wọlé. Mo ó padà sórí orúkọ yẹn láìpẹ́.

3. Mi ò kọ̀wé yìí láti fi àwọn baba wọ̀nyí ṣe òrìṣà. Bí ẹ bá máa kọ orúkọ wọn sára ògiri, ẹ gbọ́dọ̀ kọ àwọn tí wọn kò jẹ́ kó dìbò sí abẹ́ rẹ̀.

Ọkùnrin nìkan ló lè dìbò. Ó gbọ́dọ̀ ti gbé ìlú fún oṣù 12. Owó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá kò sì gbọdọ̀ dín ní £100. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí àwọn àgbà ṣe ń ṣírò owó. Ṣílè 2,000 ni £100. Bí alágbàṣe kan bá ń gba ṣílè kan lóòjọ́, tí kò sinmi lọ́jọ́ Jímọ̀, tí kò sinmi lọ́jọ́ ìsinmi, tí kò sì ṣàìsàn, yóò lò ju ọdún márùn-ún lọ kí iye owó tó gbà tó pé ohun tí òfin ní kó rí láàrin ọdún kan ṣoṣo. Ìlú tó ní èèyàn tó tó ọ̀kẹ́ márùn-ún, ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbò. Gbogbo ìlú ni wọ́n ní àwọn ń ṣojú fún. Díẹ̀ ló rán wọn níṣẹ́.

Ẹ wá wo Alimotu Pelewura. Olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó ni. Bí Macaulay bá fẹ́ kí ìlú kún ojú títì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń ránṣẹ́ sí. Nígbà tí ìjọba fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin ní 1940, òun ló kó wọn jáde, títí ìjọba fi sún iye tó gbọ́dọ̀ máa wọlé fún obìnrin kó tó san án sókè, débi tí kò fi kan ọ̀pọ̀ wọn mọ́. Obìnrin tó lè mú gómìnà yí òfin padà kò lè fi ìka kan ìwé ìdìbò. Kò sí ọ̀kankan nínú ìbò àga mẹ́ta yìí tí obìnrin dá sí.

Mo ní n ó padà sórí Abayomi. Ọkọ wà nínú ìgbìmọ̀. Ìyàwó rẹ̀, Oyinkan Abayomi, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó kàwé jù l'Ékòó nígbà náà, kò lè dìbò fún ọkọ rẹ̀. Ní 1944 ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn obìnrin sílẹ̀, Nigerian Women's Party. Ó di ìbò ìgbìmọ̀ ìlú Èkó ní 1950 kí wọ́n tó jẹ́ kí àwọn obìnrin ìlú yìí dìbò. Mo ti ka ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé tó sọ ti ọkọ tí kò sọ ti ìyàwó. Mi ò fẹ́ kí ti ògiri yín rí bẹ́ẹ̀.

4. Ní 1941, àga kan ṣoṣo nínú mẹ́ta fọ́ ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement sí méjì, àpá rẹ̀ kò sì tíì jinná. Abayomi fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, àyè ṣí. Samuel Akinsanya, ọmọ Ìsarà ní Rẹ́mọ, fẹ́ ẹ. Ernest Ikoli, akọ̀ròyìn, ọmọ ẹ̀yà Ìjọ (Ijaw), fẹ́ ẹ. Ẹgbẹ́ mú Ikoli. Obafemi Awolowo dúró ti Ikoli, Nnamdi Azikiwe dúró ti Akinsanya. Akinsanya kò gbà, ó jáde fúnra rẹ̀, Ikoli sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀. Azikiwe kúrò nínú ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ sì tẹ̀ lé e. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ló dà á rú, ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe dúró: ọmọ Yorùbá ń ti ọmọ Ìjọ lẹ́yìn, ọmọ Igbo ń ti ọmọ Rẹ́mọ. Èmi gbà pé ìlara ọ̀gá méjì tó ń tẹ ìwé ìròyìn wà níbẹ̀ ju ẹ̀yà lọ. Ìyẹn èrò tèmi.

5. Ìgbà tó kẹ́yìn ni 1947. Òfin ìjọba tuntun tí Gómìnà Richards gbé kalẹ̀ ti dín £100 kù sí £50. NCNC, ẹgbẹ́ Azikiwe, ló kó àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Azikiwe fúnra rẹ̀, Dókítà Olorun-Nimbe àti Ọmọba Adeleke Adedoyin. Láàrin ọdún kan náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ikọ̀ NCNC lọ sí London láti fi ẹjọ́ òfin yẹn sùn, Funmilayo Ransome-Kuti sì bá wọn lọ. Obìnrin tí kò ní ìbò nílé lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní London.

Ẹ ka orúkọ àwọn tó jókòó lórí àga mẹ́ta yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ Sàró wà níbẹ̀, ọmọ Onitsha wà níbẹ̀, ọmọ Ìjọ wà níbẹ̀, ọmọ Ṣágámù wà níbẹ̀. Nígbàkigbà tí ariwo "ta ni ọmọ Èkó" bá tún sọ lásìkò ìbò, orúkọ yìí ni mo máa ń kà fún àwọn tó bá wà nítòsí mi.

Ní 1951, òfin ìjọba mìíràn, ti Gómìnà Macpherson, pa àga mẹ́ta náà. Wọ́n so Èkó mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n fún wa ní àga márùn-ún nílé aṣòfin tó wà ní Ìbàdàn. NCNC kó gbogbo rẹ̀: Azikiwe, Olorun-Nimbe, Adedoyin, T. O. S. Benson àti H. P. Adebola. Àmọ́ méjì péré nínú àwọn márùn-ún ló máa lọ sí ilé aṣojú ti àpapọ̀, àwọn aṣòfin Ìbàdàn ni yóò sì yan méjì náà. Ará Èkó kò ní ohùn níbẹ̀ mọ́. Action Group, ẹgbẹ́ Awolowo, ló pọ̀ jù n'Íbàdàn.

Ẹ mọ bó ṣe parí. Ẹgbẹ́ fẹ́ kí Azikiwe lọ. Benson àti Adebola yẹra fún un. Adedoyin kò yẹra, Olorun-Nimbe kò yẹra. Nígbà tí ilé dìbò ní ìbẹ̀rẹ̀ 1952, àwọn méjèèjì yẹn ni wọ́n mú. Ẹni tí Èkó fi ìbò tirẹ̀ rán níṣẹ́ jókòó sí Ìbàdàn bí àlejò tí wọn kò gbé oúnjẹ fún, kó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìlà-Oòrùn. Olorun-Nimbe ni mẹ́yọ̀ Èkó nígbà yẹn. Òun ni àkọ́kọ́, òun náà ni ìkẹyìn. Adedoyin ló sì wà lórí àga olórí ilé n'Íbàdàn ní oṣù karùn-ún 1962 nígbà tí àga ń fò lókè orí àwọn aṣòfin. Ní 1954 wọ́n tún yọ Èkó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, ṣùgbọ́n àga tí gbogbo ìlú jọ ni kò padà bí ó ti wà. Lónìí, Èkó ní sẹ́nétọ̀ mẹ́ta, iye kan náà, ṣùgbọ́n ẹkùn mẹ́ta ló rán wọn.

6. Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó owó mọ́tò aṣòfin kan.

Ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn tí Èkó dìbò yàn láti 1923 títí dé 1951 sára ògiri ilé yín, pẹ̀lú ọdún tí olúkúlùkù fi jókòó. Ní abẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá tó ṣeé kà pé obìnrin kò lè dìbò, pé ẹni tí owó rẹ̀ kò tó £100 kò lè dìbò, kí ẹ sì kọ orúkọ Alimotu Pelewura sí i.

Ẹ rán akọ̀wé yín lọ wá àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀ náà, ohun tí àwọn mẹ́ta yìí sọ lórí omi ẹ̀rọ, lórí ilẹ̀, lórí Elékòó Èṣùgbàyí, ọba Èkó, tí wọ́n lé lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1925. Kí wọ́n yà á sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti lọ sí ọ́fíìsì kan, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, tí wọ́n ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn ti di ọdún méjì. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, National Archives wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn.

Ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣàkóso ilé-ìwé ìpínlẹ̀ yìí pé kí wọ́n tún 1979 yẹn ṣe.

Lákòótán, ọgọ́rùn-ún ọdún ìbò yẹn pé ní 20 oṣù kẹsàn-án 2023. Mo wọ aṣọ tó dára lọ́jọ́ náà, mo jókòó síta níwájú ilé, mi ò gbọ́ nǹkan kan ládùúgbò wa. Ẹ wá ọjọ́ ìjókòó kan ní oṣù kẹsàn-án tó ń bọ̀, kí ẹni kan nínú yín dìde, kó ka orúkọ wọn. Kò ní gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹ bá fún mi láyè ní ibi ìjókòó àlejò, n ó wá, n ó sì mú ọmọ ọmọ mi dání. Ó ń bi mí lójoojúmọ́ bóyá olùkọ́ yóò dá máàkì òun padà. Mo ní kó ní sùúrù, mo ti kọ lẹ́tà.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ ìtàn kan tó ti fẹ̀yìntì,
Ìsàlẹ̀ Èkó.